Èéfín Inú Pálọ̀ Wa

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí nílé yẹn, ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mo rántí òórùn sìgá rẹ̀ ju bí mo ṣe rántí ojú rẹ̀ lọ. Ó wà lára kọ́tìnnì, lára ìrọ̀rí, lára gèlè tí mo fi pamọ́ sínú àpótí pàápàá. Awakọ̀ tírélà tó ti fẹ̀yìn tì ni. Ọkọ mi jẹ́ olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, kò sì fi sìgá kan ẹnu rí láyé rẹ̀. Ilé bàbá wọn ní Ìlá ni gbogbo wa ń gbé láàárín àwọn ọdún 1990.

Àṣà ilé náà ni pé tí wọ́n bá ti kírun màǹgàríbà tán, àbúrò á lọ jókòó ti ẹ̀gbọ́n ní pálọ̀, kò sì gbọdọ̀ dìde títí ẹ̀gbọ́n yóò fi ní ó dàárọ̀. Bí ọyẹ́ bá dé, wọ́n á ti gbogbo fèrèsé pa. Ẹ̀gbọ́n á máa ròyìn ọ̀nà Kánò àti Màídúgùrì, á máa fi sìgá kan tan òmíràn; àbúrò á máa rẹ́rìn-ín, á máa wúkọ́.

Nígbà tí ọkọ mi kò lè rìn dé mọ́ṣáláṣí mọ́ láìdúró kó di àyà mú, mo mú un lọ sí ọsibítù. Dókítà bi í ìgbà tó jáwọ́ nínú sìgá. Ó ní òun kò mu ún rí. Dókítà yíjú sí mi. "Màmá, ta ló ń mu ún nínú ilé?" Ó ṣàlàyé pé èéfín tí ẹlòmíràn tú jáde ń ba iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọkàn jẹ́, ó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, àti pé ọkàn tó ti dàgbà kì í lè fara dà á. Oògùn nìkan kò tó. Kí ọkọ mi yàgò fún èéfín.

Èmi náà kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé girama nípa ara ènìyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo rò pé bí mo bá ti ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n bí mo ṣe ń ṣe ní kíláàsì, ọ̀rọ̀ ti parí. Ọ̀mọ̀wé! Mo kúnlẹ̀, mo tiẹ̀ fi ìka ya àwòrán ọkàn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ fún un.

"Ìyàwó, èmi tí mò ń mu ún, ṣé mo ń ṣàìsàn?"

"Rárá, bàbá."

"Ṣé ẹnì kan á wá jẹyọ̀, kí òùngbẹ máa gbẹ ẹlòmíràn?"

Mo ní kó kúkú máa mu ún lábẹ́ igi máńgòrò níta. Ó ní mo ń lé òun jáde nílé bàbá òun. Ó ránṣẹ́ pe àwọn ọmọ-osú, àwọn obìnrin tí wọ́n bí sílé náà, wọ́n sì sọ ọ́ di pé mo fẹ́ ya ọmọ ìyá méjì. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ìwé ti pọ̀ lágbárí ìyàwó wa yìí jù. Ó ti fẹ́ máa kọ́ ọkọ bí wọ́n ṣe ń mí." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní kí n bẹ̀bẹ̀, mo sì bẹ̀bẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo ní kí ọkọ mi má lọ sí pálọ̀. Ó ní, "Tí n kò bá lọ, kí ni wọn yóò máa pè mí?" Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín. Mo ti kórìíra òwe yẹn láti ọjọ́ náà.

Ọyẹ́ tó tẹ̀ lé e kò ré e kọjá. Orí àga tó wà níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni àìsàn àyà náà ti gbé e lọ. Níbi àdúà fídáù ọkọ mi, ẹ̀gbọ́n jókòó, ó ń mu sìgá. Wọ́n ní ìbànújẹ́ ni. Wọ́n ní àmúwá Ọlọ́run ni. N kò bá Ọlọ́run jà. Ọlọ́run kì í mu sìgá.

Mo ti dàgbà ju bí ọkọ mi ṣe dàgbà tó nígbà tó lọ. Wọ́n ní kí n dárí ji ẹ̀gbọ́n, pé òun náà ti di ẹni ilẹ̀. Bóyá n bá ti dárí jì í, tí kì í bá ṣe ọjọ́ tó wá kí mi kẹ́yìn. Ó ti rù, aṣọ rẹ̀ kò rùn mọ́. Mo rò pé ẹ̀bẹ̀ ló bá wá. Mo gbé omi fún un, mo bi í pé sìgá dà. Ó mu omi náà tán, ó nu ẹnu.

"Dókítà ló ní ọkàn mi ò gbà á mọ́, ìyàwó, ni mo bá jù ú nù lọ́jọ́ náà. Kò tiẹ̀ le rárá."