Ọ̀gá Wa Ló Kọ́kọ́ Wọlé

Mo rántí ìgbà tí ìró epo tó ń ta nínú páànù máa ń lé mi jáde nílé ara mi. Ìyàwó mi á gbé dòdò kaná, epo á bẹ̀rẹ̀ sí í ta, èmi á sì dìde bí ẹni tí wọ́n pè lóde, màá lọ dúró létí títì títí oúnjẹ á fi jinná. Tó bá béèrè pé kí ló dé, màá ní ooru ló mú mi. Òun náà kì í ṣe ọmọdé. Ó kàn ń wò mí ni.

Panápaná ni mí nígbà náà, ní Ṣàgámù, láwọn ọdún tí bẹntiróò wọ́n bí ojú. Mo fẹ́ràn akoto tí wọ́n fún mi débi pé mo máa ń dé e lọ sílé ní Ìkẹ́nnẹ́, kí àwọn ará àdúgbò lè rí mi. Lójú tèmi, iṣẹ́ ọkùnrin ni kéèyàn rí ohun tó burú kó má sì sọ nǹkan kan. Tí a bá ti ibi iná dé, a ó fọ ọkọ̀, a ó fi ara wa ṣe yẹ̀yẹ́, kálukú á gba ilé rẹ̀ lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, táńkà epo kan ṣubú lọ́nà Ogijo, iná sì ràn mọ́ bọ́ọ̀sì tó wà lẹ́yìn rẹ̀. A yọ àwọn kan jáde, ṣùgbọ́n omi inú ọkọ̀ wa tán kí iná tó kú, kò sì síbi tí a ti lè rí òmíràn nítòsí. Àwọn èrò ń sọ òkò lù wá. Òkò yẹn kọ́ ló dùn mí. Iná náà ń ta bí epo inú páànù, ẹnìkan sì ń pè láti inú bọ́ọ̀sì náà. Nígbà tó yá, kò pè mọ́.

Awakọ̀ wa náà gbọ́ ọ. Ó jù mí lọ dáadáa, Bọ̀dá la máa ń pè é, òun ló sì ń pa gbogbo wa lẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, kò dápàárá kankan mọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pè wá síbi ilé ìkóbìsí kan tó ń jó. A ti dé àárín ọ̀nà, fèrè ọkọ̀ ń han gooro, ni Bọ̀dá bá tẹ bíréèkì, ó pa ọkọ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì jókòó sí bèbè gọ́tà.

"Mi ò lè débẹ̀ mọ́," ló ń sọ. "Ẹ gbà mí, mi ò lè débẹ̀ mọ́."

Ẹlòmíràn ló wa ọkọ̀ náà tí a fi lọ pa iná. Nígbà tí a padà dé, àwọn kan ní kí wọ́n lé Bọ̀dá, àwọn kan ní ọwọ́ ayé ni. Èmi ń nu akoto mi. Ọ̀gá wa, àgbàlagbà ará Ìpẹ̀rú tí kì í pariwo, ní kí gbogbo wa jókòó.

"Ilé ìwòsàn àwọn tí ọpọlọ ń yọ lẹ́nu wà ní Abẹ́òkúta," ó sọ fún Bọ̀dá. "Èmi àti ìwọ là ń lọ."

Bọ̀dá fò dìde. "Sà, ẹ kúkú lé mi lẹ́nu iṣẹ́. Tí wọ́n bá rí mi níbẹ̀, ta ni yóò fẹ́ ọmọ mi? Mi ò ya wèrè."

"Ta ló ní o ya wèrè? Láti ọjọ́ tí mo ti gbé ọmọ ọwọ́ kan jáde nínú ilé tó ń jó, mi ò tíì lè gbé ọmọ-ọmọ mi dání. Ìyá ẹ̀ rò pé mi ò fẹ́ràn ọmọ náà ni." Ọ̀gá na ọwọ́ mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀. "Tí a bá débẹ̀, èmi ni n ó kọ́kọ́ wọlé."

Mo wá gbọ́ ohùn ara mi: "Ọ̀gá, ṣé àyè ẹnìkan ṣì kù nínú mọ́tò yín, sà?"

Nígbà tí a dé Abẹ́òkúta, bí ọ̀gá ṣe wí náà ló ṣe. Nígbà tí nọ́ọ̀sì béèrè ẹni tó máa kọ́kọ́ wọlé, ó ṣí fìlà, ó wọlé. Bọ̀dá tẹjú mọ́ ilẹ̀kùn yẹn títí ọ̀gá fi jáde pẹ̀lú ojú pípọ́n, tó sì mi orí sí i pé kó máa bọ̀. Òun náà wá dìde. Èmi ti múra sílẹ̀ de abẹ́rẹ́ ńlá. Ìbéèrè ni dókítà bi mí, pé kí ni ojú mi rí, ó sì fi sùúrù dúró gba ìdáhùn. Mo sunkún bí ọmọdé.

A lọ síbẹ̀ léraléra. Bọ̀dá kò wa ọkọ̀ panápaná mọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lé e. Àwọn awakọ̀ tuntun ló ń kọ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ọ̀gá sì sọ ọ́ dòfin pé tí a bá ti ibi iná dé, kí ẹnikẹ́ni má tíì lọ sílé, àfi tí a bá jókòó sọ ohun tí ojú wa rí. Níbẹ̀rẹ̀, bàtà wa la máa ń wò. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.

Ọ̀gá ti di olóògbé, èmi náà sì ti fẹ̀yìn tì. Tí ọkọ̀ panápaná bá ń sáré kọjá nílé wa, àwọn ará ilé á máa gbàdúrà fún ẹni tí iná ń jó ilé rẹ̀. Èmi náà á ṣe àmín. Lẹ́yìn náà, màá dá àdúrà tèmi gbà fún àwọn tó wà nínú ọkọ̀, pé nígbà tí wọ́n bá padà, kí wọ́n bá ẹnìkan tó máa bi wọ́n pé kí ni wọ́n rí.