Ọ̀bẹ Iléyá Tí Wọ́n Kì Bọ Iná

Ẹ bá mi gbọ́ o, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi! Ohun tójú mi rí nílé wa ní Ìlobù lọ́jọ́ Iléyá ṣì ń bí mi nínú di ìsinsìnyí.

Màmá mi fọwọ́ ara wọn sin àgbò kan láti kékeré. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n bẹ̀ mí pé kí n má jẹ́ kó jẹ̀rora. Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Ṣebí mo ní ọ̀bẹ!

Àwọn ọ̀bẹ dídán tí wọ́n ń tà lọ́jà ti já mi kulẹ̀ rí. Ẹ pọ́n ọn láàárọ̀, ó ti kú kó tó dọ̀sán. Ìyẹn ni mo fi gbé irin síprín ọkọ̀ lọ bá ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ alágbẹ̀dẹ ní Ìfọ́n. Ó rọ ọ́ di ọ̀bẹ, ó yá a níná títí ó fi pọ́n, ó rì í bọ epo kó lè le. Ó tún rọra fi iná díẹ̀ kàn án kó má baà máa kán. Ó kìlọ̀ pé iná ò gbọdọ̀ kan ọ̀bẹ náà mọ́.

Àgbò tèmi la kọ́kọ́ pa. Wéré ló parí! Mo gbé ọ̀bẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo yà kí àwọn aládùúgbò kú ọdún.

Nígbà tí mo dé, mo pọ́n ọ̀bẹ díẹ̀, a dá àgbò Màmá dùbúlẹ̀. Mo ṣe bisimilláhì, mo fà á. Kò gé! Mo tún fà á, ẹnu ọ̀bẹ ti ká. Ẹran ń japoró, Màmá fọwọ́ bojú. Aládùúgbò kan ló sáré mú ọ̀bẹ tiẹ̀ wá tó fi parí.

Ta ló fọwọ́ kan ọ̀bẹ mi? Bọ̀dá Ràṣídì, ẹ̀gbọ́n mi ni! Wọ́n ki ọ̀bẹ náà bọ iná tí wọ́n fi ń sun orí àgbò tèmi títí ó fi pọ́n, wọ́n fi họ irun ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n wá fi sílẹ̀ kó tutù fúnra rẹ̀. Wọ́n ní ṣebí inú iná náà ni wọ́n ti rọ ọ́, kí niná tún fẹ́ fi ṣe? Inú mi ń hó! Àmọ́ ẹ̀gbọ́n ni, ọdún sì ni, mo kàn mú ọ̀bẹ mi kúrò níbẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, bí irin ṣe wù kó dáa tó, tí ẹ bá tì í bọ iná bó ṣe wù yín, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ kìlọ̀ fún ará ilé yín o!

Alágbẹ̀dẹ ní òun á tún un ṣe. Màmá ní àwọn ò bínú, ṣùgbọ́n wọ́n pín gbogbo ẹran náà tán, wọn ò fi kan ẹnu. Ẹ̀yin tírú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ sọ fún ìyá yín?