Ọ̀nì Bàbá Ògúnsànyà

Ọjọ́ tí ọ̀nì yọrí létí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́, Bàbá Ògúnsànyà ló kọ́kọ́ sá. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, òun gan-an ló ti ń sọ fún gbogbo ayé tipẹ́tipẹ́ pé ọ̀nì ń bẹ níbẹ̀. Ó fi bàtà rẹ̀ sílẹ̀ nínú ẹrọ̀fọ̀, ó sáré kọjá àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n jọ ń gbin igi, ó di ẹ̀yìn ilé níbi tí Hàbíbàt ọmọ rẹ̀ ti ń yan ẹja.

“Bàbá, kí ló dé?”

“Ọ̀nì!”

“Ṣebí tiyín náà ni?”

“Hàbíbàt, tèmi kọ́ lèyí. Eléyìí léyín!”

Igi ẹ̀gbà ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, igi tó ń ta gbòǹgbò sínú omi létí ọ̀sà. Àwọn ará àdúgbò ti gé e tán fi yan ẹja. Ibi tí ẹja ń yé sí bá a lọ, omi òjò sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ yàrá oníyàrá. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ dáwọ́ lé gbígbin òmíràn, Bàbá bá wọn gbìn ín, ó tún fi ọ̀nì ẹnu rẹ̀ ṣọ́ ọ, kí ẹnikẹ́ni má bàa gé e.

Bàbá Fẹ̀hìntọlá, ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó fẹ́ gé igi ìdáná, ní àfi kí òun rí ọ̀nì náà.

“Kò sí nílé,” ni Bàbá dá a lóhùn. “Ó lọ kí àna rẹ̀ ní Ìkòròdú.”

Oníyanrìn kan tún gbé típà dé, ó fẹ́ dí àbàtà náà kó lè tà á fún àwọn tó ń wá ilẹ̀ rà. Bàbá rọra lọ bá dẹ́rẹ́bà.

“Ọmọ mi, máa ṣọ́ra o. Ọ̀nì ibí yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni.”

“Ṣó ti jèèyàn rí, Bàbá?”

“Rárá o. Dẹ́rẹ́bà nìkan ló máa ń jẹ.”

Típà náà fẹ̀yìn rìn dé títì.

Ojú ti Hàbíbàt. “Bàbá, pẹ̀lú ààwẹ̀ lẹ́nu yín, ẹ tún ń purọ́?”

“Irọ́ kọ́. Mo kàn tètè sọ ọ́ ni.”

Igi wá dàgbà, ẹja padà, ọ̀nì gidi sì tẹ̀ lé ẹja dé. Lọ́jọ́ kejì ọjọ́ tí Bàbá sá, Saheed ọdẹ gbé ìbọn wá. Bàbá dúró síwájú ìbọn náà.

“Má pa á. Ìgbà tí kò sí níbí, ẹja náà kò sí.”

“Bàbá, ṣebí ẹ̀yin lẹ sá lánàá?”

“Mo sá fún un ni. Mi ò ní kó kó jáde.”

Ẹ̀rín pa Saheed, ó sọ ìbọn kalẹ̀. Ibi tí àwọn obìnrin ti ń fọ ẹja ni wọ́n sún síwájú, kó lè jìnnà sí ọ̀nì.

Ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá ni Bàbá kú, àìsàn ránpẹ́ ni. Níbi fìdáù rẹ̀, bí ẹnì kan ṣe ń parí ìtàn ọ̀nì Bàbá ni ẹlòmíràn ń gbà á. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí ààfáà fi gbàgbé ibi tó bá àdúrà dé. Hàbíbàt náà rẹ́rìn-ín, ó ń fi ìborùn nu ojú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí omi. Lékeléke ti bo orí igi, ọmọ ẹ̀pìyà ń ṣeré láàárín gbòǹgbò. Ó yíjú sẹ́yìn, ó fẹ́ pe Bàbá kó wá wò ó. Ọmọ igi ẹ̀gbà díẹ̀ ṣì wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ lábẹ́ ibòji. Ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì náà, ó sì wọ inú ẹrọ̀fọ̀ lọ.