Ọjọ́ Tí Mínísítà Wá Ṣí Ilé Ìwòsàn ní Ore

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí, a ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira ni, lọ́jọ́ tí mínísítà kan ti Ìbàdàn wá ṣí ilé ìwòsàn ní Ore. Ibà ń ṣe àbúrò mi gidigidi. Bàbá gbé e wá láti Ago Alaye, níbi tí a ti ń dá oko kòkó lórí ilẹ̀ onílẹ̀. Mùsùlùmí ni wá.

Mínísítà gbé kọ́kọ́rọ́ lé orí Bíbélì. Ó ní, "Kí gbogbo yín kúnlẹ̀ lórúkọ Jésù kí n tó ṣílẹ̀kùn."

Gbogbo èèyàn kúnlẹ̀, wọ́n ń wo Bàbá. Bàbá ò kúnlẹ̀. Ara àbúrò mi ń gbọ̀n, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ni Ìyá Aládùúrà, aládùúgbò wa, bá dìde nínú aṣọ funfun rẹ̀, láìwọ bàtà. "Ẹ ṣílẹ̀kùn, sà. Jésù tí mo mọ̀ kì í béèrè ẹ̀sìn kó tó wo aláìsàn sàn."

Ọkùnrin kan fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìyá, ṣebí omi àdúrà nìkan lẹ̀yin ń mu!"

"Èmi ni mò ń mu omi àdúrà. Oògùn ni ọmọ yìí ń fẹ́."

Mínísítà wo ọmọ náà títí, ó sì ṣílẹ̀kùn. Lẹ́yìn tí nọ́ọ̀sì gbé àbúrò mi wọlé ni mínísítà tó gbàdúrà rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ó ṣe olórí lọ́la, mo bẹ̀ yín, ẹ di ìgbàgbọ́ yín mú ṣinṣin, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi tilẹ̀kùn mọ́ ẹnikẹ́ni síta.