Orogún Mi ní Akókà

Ìwúkàrà ni orogún mi. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìwúkàrà tí àwọn oníbúrẹ́dì fi ń po ìyẹ̀fun yẹn gan-an ló gba ọkọ mọ́ mi lọ́wọ́, èmi fúnra mi ni mo sì tún ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún un.

Ọkọ mi ń ṣèwádìí ní yunifásítì ní Akókà. Èmi ń ṣe fíìmù tí àwọn onítẹ̀wé fi ń tẹ ìwé ní Bajulaiye, ní Ṣómólú. Ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà, iṣẹ́ pósítà àwọn olóṣèlú kún orí tábìlì mi, síbẹ̀ iṣẹ́ tiẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣe. Yóò gbé àwòrán ilà tín-ín-rín wá, màá tẹ̀ ẹ́ sórí fíìmù, òun yóò sì fi fíìmù náà la ọ̀nà omi sínú rọ́bà kan tó mọ́ gaara, tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju èékánná lọ. Inú ọ̀nà yẹn ló ń sé ìwúkàrà mọ́. Yóò da omi ṣúgà sí i, yóò yí i sí omi iyọ̀ lójijì, yóò wá fojú sí awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá láti wo ohun tí sẹ́ẹ̀lì ìwúkàrà kọ̀ọ̀kan máa ṣe.

"Ó ń súnkì," á wí fún mi, ojú rẹ̀ á máa dán. "Ó ti mọ̀ pé nǹkan yí padà!"

Èmi náà yí padà. Mo gé irun mi mọ́lẹ̀, kò rí i. Mo dákẹ́ odindi ọjọ́ Sọ́ńdè kan, kò gbọ́. Nígbà tó mú mi lọ wo àwọn sẹ́ẹ̀lì náà nínú awò, ó ṣe mí bíi kí n da omi gbígbóná sí wọn. Wọ́n rí roboto, wọ́n ń dán, wọn ò ṣe mí ní nǹkan kan. Mo kórìíra wọn.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè kan, bó ṣe jáde lọ síbi iṣẹ́, mo bá di báàgì mi, mo kó lọ sọ́dọ̀ ìyá mi ní Pedro. Ẹni tó mọ sẹ́ẹ̀lì í ṣọ́ tó báyìí, ẹ jẹ́ ká wo ohun tóun náà máa ṣe nígbà tó bá bá ilé ní òfìfo. Bí mo bá gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, màá sáré lọ yọjú. Ìyá mi kàn ń bu oúnjẹ fún mi.

Kò wá. Ìgbà tí ọ̀sẹ̀ ń parí lọ ló yọ sí mi ní ṣọ́ọ̀bù, aṣọ rẹ̀ ti rún, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo ti to gbogbo èébú mi sílẹ̀.

"Ìyàwó mi, má bínú," ló wí. "Láti Mọ́ńdè ni mo ti ń sùn ní láàbù. Àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn ò ṣeé fi sílẹ̀. Ṣé ilé dáa?"

Mo wò ó. Kò mọ̀ pé mo lọ.

"Ilé dáa," mo dá a lóhùn. "Ṣé ẹ ń bọ̀ lónìí?"

Ó ní òun ń bọ̀. Mo ti ṣọ́ọ̀bù kí ilẹ̀ tó ṣú, mo sáré lọ kó ẹrù mi ní Pedro, mo sì gbá eruku ilé nù kó tó wọlé dé.