Adágún Tí Mo Dúpẹ́ Fún

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí n kò tíì pé ọmọ ọdún méjìlá, àbúrò ìyá mi kan wá kí wa nílé láti Kánádà, ó sì mú mi dání nígbà tí ó ń padà. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni. Ẹ̀yin ọmọ tí wọ́n bí sí Calgary níbí, ẹ kò lè mọ bí ìlú yìí ṣe rí nígbà náà. Bí ènìyàn dúdú bá rí ènìyàn dúdú mìíràn nínú train, wọn á kọ́kọ́ kí ara wọn tayọ̀tayọ̀ kí wọ́n tó bèèrè ìlú tí oníkálukú ti wá.

Àǹtí ni mo ń pe àbúrò ìyá mi yìí. Ọkọ rẹ̀, tí mo ń pè ní Bùrọ̀dá, jẹ́ ẹnjiníà ní ilé-iṣẹ́ epo kan. Àdúgbò Pineridge ni ilé wọn wà. Wọ́n ní ọmọkùnrin ọmọ ọdún méje, ọmọbìnrin ọmọ ọdún márùn-ún, àti ọmọ ọwọ́ kan tí kò tíì lè jókòó. Nítorí ọmọ ọwọ́ yẹn ni wọ́n ṣe mú mi wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé-ìwé ni wọ́n sọ fún ìyá mi. N kò ní purọ́ mọ́ wọn o, wọ́n fi mí sí ilé-ìwé lóòótọ́. Mo jẹun, mo wọṣọ, mo sùn ní basement, yàrá abẹ́ ilé, tí ó móoru, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí ìyẹn títí dòní.

Ìyá mi kò rìn kọjá Ìbàdàn rí. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo kúrò nílé, ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó gbàdúrà, lẹ́yìn náà ó ní, "Gbogbo ohun tí o bá rí lọ́hùn-ún, wò ó dáadáa. Ojú rẹ ni mo fi ń bá ọ lọ. Tí o bá dé, wàá jókòó tì mí, wàá rò ó fún mi." Ẹrù tí mo gbé kúrò nílé nìyẹn. Mo ń wo snow nítorí rẹ̀, mo ń wo àwọn ilé gíga nítorí rẹ̀, mo ń tò ó sínú orí mi bí aṣọ.

Ní ọjọ́ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Bùrọ̀dá mú tíkẹ́ẹ̀tì bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Wọ́n fẹ́ fi bọ́ọ̀sì kó àwọn òṣìṣẹ́ àti ìdílé wọn lọ wo àwọn adágún tó wà láàárín àwọn òkè ní apá Banff, amọ̀nà kan yóò máa ṣàlàyé ohun gbogbo fún wọn, wọn yóò sì padà dé lọ́jọ́ kan náà. Bùrọ̀dá ní tíkẹ́ẹ̀tì tèmi náà wà níbẹ̀. Ọkàn mi fò sókè. Ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi tí mo lọ nílé, olùkọ́ wa ní àwòrán ńlá kan tí ó máa ń gbé kọ́ sára ògiri: Jésù ń rìn lórí omi, òkè sì yí omi náà ká. Ó sọ fún wa pé òkun Gálílì ni wọ́n ń pè é lóòótọ́, ṣùgbọ́n adágún ni. Ìyá mi máa ń dúró níwájú àwòrán yẹn lẹ́yìn ìsìn títí wọn yóò fi fẹ́ ti ilẹ̀kùn. Mo sọ fún ara mi pé tí mo bá lè rí adágún tí òkè yí ká, mo ti rí ohun tí màá mú lọ sílé fún un.

Lọ́jọ́ náà, èmi ni mo kọ́kọ́ jí. Mo dín dòdò, mo di ìrẹsì sínú kúlà, mo wẹ àwọn ọmọ, mo sì pọn èyí tó kéré jù. Àǹtí wọ kóòtù aláwọ̀ ewé tó rà fún òde náà. Àwọn ọmọ wọ kóòtù. Súwẹ́tà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni ó fún mi. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé òtútù ò ní wà níbẹ̀?" Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀. "Ta ló fẹ́ wo ìwọ níbẹ̀? Ọmọ tó o pọ̀n yẹn, kóòtù nìyẹn."

A wọ bọ́ọ̀sì. Amọ̀nà wa jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó kan tí ó ń sọ̀rọ̀ nínú máìkì tí gbogbo ènìyàn sì ń rẹ́rìn-ín. N kò gbọ́ gbogbo ohun tí ó ń sọ, ṣùgbọ́n mo rí àwọn òkè tí wọ́n ń bọ̀ wá bá wa, tí yìnyín wà lórí wọn nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ẹnu mi ò sì lè pa dé. Ọmọkùnrin Àǹtí ní, "Mummy, she looks like a fish." Àǹtí rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀.

Nígbà tí a dé adágún àkọ́kọ́, bọ́ọ̀sì dúró sí ibi ìgbọ́kọ̀sí kan tí igi gíga yí ká. Láti ojú fèrèsé, igi àti àwọn ọkọ̀ mìíràn nìkan ni ènìyàn lè rí. Gbogbo ènìyàn dìde. Èmi náà dìde. Ọmọ ti sùn lẹ́yìn mi.

"Níbo lò ń lọ?" ni Àǹtí wí. "Afẹ́fẹ́ yìí a wọ ọmọ lára. Dúró tì í. Adágún mìíràn ṣì wà níwájú, wàá rí ìyẹn."

Bùrọ̀dá ní, "Jẹ́ kó sáré wò ó. Màá gbé ọmọ."

"Kí ẹ gbé ọmọ, kí ta ni wá ya fọ́tò?"

Bùrọ̀dá gbé kámẹ́rà kọ́ ọrùn, ó sì sọ̀kalẹ̀. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, kò sí ohun tí ó lè ṣe. Amọ̀nà wá bá mi, ó nawọ́ sí ìta, ó ń bi mí ní nǹkan. Kí n tó dá a lóhùn, Àǹtí ti dáhùn láti ẹnu ọ̀nà bọ́ọ̀sì, "Oh, she is shy. She prefers the bus." Gẹ̀ẹ́sì mi kò tíì gbilẹ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ìyẹn. Amọ̀nà rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi, ó sì lọ.

Nígbà tí wọ́n padà dé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn pọ́n nítorí òtútù, gbogbo bọ́ọ̀sì ń sọ pé, "Beautiful, beautiful." Mo bi ọmọbìnrin Àǹtí bí omi náà ṣe rí. Ó ní, "It's just water." Wọ́n jẹ ìrẹsì, wọ́n jẹ dòdò. Mo jẹ èyí tó lẹ̀ mọ́ ìdí abọ́. N kò bínú. Ọkàn mi wà níbi adágún kejì.

Ibi adágún kejì náà tún rí bẹ́ẹ̀, igi ló bo ohun gbogbo. Ọmọ ti jẹun, ó ti ṣeré, ó sì tún ti sùn, mo sì ti tẹ́ ẹ sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo bojú wo Àǹtí. Mo kàn tẹjú mọ́ ọn. Ó ń kun ètè rẹ̀. Ó ní, "Má fi ojú ẹbọra yẹn wò mí. Tí ọmọ bá jí, tí kò bá bá ẹnì kankan ńkọ́?" Wọ́n sọ̀kalẹ̀. Ó ku èmi, ọmọ, àti awakọ̀.

Awakọ̀ yẹn jẹ́ bàbá arúgbó òyìnbó kan tí kò lè rìn dáadáa. Ó bó ọsàn, ó fún mi lábọ̀. Ó tọ́ka sí ọ̀nà kékeré kan láàárín àwọn igi, ó tọ́ka sí mi, ó wá tọ́ka sí ọmọ, ó sì fi ọwọ́ lu àyà ara rẹ̀. Mo mọ ohun tí ó ń wí. Ó ní kí n sáré lọ wò ó, òun á dúró ti ọmọ.

Mo ronú sí i o. Ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n mo rí ojú ìyá mi níwájú àwòrán yẹn. Mo gbàdúrà kékeré, mo sì dìde. Mo dé àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì. Mo ti gbé ẹsẹ̀ kan sílẹ̀, afẹ́fẹ́ tútù náà ti fẹ́ lù mí lójú, mo tilẹ̀ ń gbọ́ bí àwọn ènìyàn ṣe ń pariwo lẹ́bàá omi. Ìgbà náà ni mo rí kóòtù aláwọ̀ ewé tí ó ń bọ̀ láàárín igi. Àǹtí gbàgbé ìbọ̀wọ́ rẹ̀ sínú bọ́ọ̀sì.

Ó gbá mi létí níbẹ̀, lójú awakọ̀. "O fi ọmọ mi sílẹ̀ fún òyìnbó tí o ò mọ̀ rí? Tó bá gbé e lọ ńkọ́? Ìyá ẹ máa bí òmíràn fún mi?" Awakọ̀ ń sọ̀rọ̀ sókè, ó ń na ìka sí i. Àǹtí rẹ́rìn-ín sí i, ó ní, "It is our culture, sir." Ó mú ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó padà sí etí omi. Mo jókòó. Ọmọ kò tilẹ̀ yíra padà lójú oorun.

Kí a tó kúrò, Àǹtí mú mi sọ̀kalẹ̀, ó ní kí Bùrọ̀dá yà mí ní fọ́tò kan tí àwọn máa fi ránṣẹ́ sí ìyá mi. Ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀sì ni mo dúró sí. Ó ní, "Rẹ́rìn-ín. Ṣé o fẹ́ kó rò pé à ń fìyà jẹ ọ́ ni?" Mo rẹ́rìn-ín.

Mo lè gbàgbé gbogbo ìyẹn. Èyí tó tẹ̀lé e ni n kò lè gbàgbé.

Nígbà náà, àwa Yorùbá díẹ̀ tí a wà ní ìlú yìí máa ń ṣe ìsìn lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú nínú basement ṣọ́ọ̀ṣì kan tí àwọn òyìnbó yá wa. Lẹ́yìn ìwàásù, wọn máa ń ní kí àwọn ọmọdé jáde wá jẹ́rìí oore Ọlọ́run. Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé ìrìn-àjò wa, Àǹtí fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi. "Dìde. Lọ dúpẹ́ pé a gbé ọ lọ wo adágún. Kí wọ́n lè mọ̀ pé a ń tọ́jú ọ."

Mo jáde síwájú. Mo ní, "Ẹ yin Olúwa." Wọ́n ní, "Halleluyah." Mo ní mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí Àǹtí àti Bùrọ̀dá gbé mi lọ wo adágún. Ọmọkùnrin Àǹtí la ẹnu, ó ní, "But she was in the..." Àǹtí ti ki súìtì bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Mo fẹ́ padà sí àyè mi. Alàgbà kan, ẹni rere, tí òun náà ti lọ síbẹ̀ rí, ní, "Ó káre, ọmọ mi. Sọ fún wa, irú àwọ̀ wo ni omi náà ní?" Ó bi mí tìfẹ́tìfẹ́. Ó fẹ́ kí n sọ iṣẹ́ ìyanu Ọlọ́run.

Mo wo Bùrọ̀dá. Bùrọ̀dá ń wo bàtà rẹ̀. Mo wo Àǹtí. Ó ń ṣẹ́jú sí mi pé kí n sọ nǹkan. Mo rántí odò ẹ̀yìn oko wa, ibi tó jìn jù níbẹ̀, tí igi ṣíji bò. Mo ní, "Dúdú ni, sà."

Gbogbo basement bú sẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń tẹ dùùrù ní, "Adágún ibo nìyẹn? Àbí odò tí wọ́n ti ń pa aró lo lọ?" Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Àǹtí ló rẹ́rìn-ín jù. Ó ń pàtẹ́wọ́ mọ́ ọn, ó ní, "Ẹ dákun, ará oko ni, kò mọ àwọ̀." Láti ọjọ́ náà, Omi Dúdú ni orúkọ mi nínú ìjọ yẹn. Omi Dúdú, wá to àga. Omi Dúdú, ọmọ ń sunkún. Mo jẹ́ orúkọ yẹn títí mo fi lọ́kọ.

Nígbà tí wọ́n fọ fọ́tò wọn dé, mo rí i lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Omi náà dàbí ìgbà tí ènìyàn da wàrà sínú aró tí ó sì gún ewé sí i. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù nígbà náà. Fọ́tò tèmi lọ sí ọ̀dọ̀ ìyá mi. Wọ́n sọ fún mi pé inú Bíbélì ni ó fi í sí, tí ó ń fi han àwọn ènìyàn, tí ó ń sọ pé adágún náà wà lẹ́yìn bọ́ọ̀sì. Ó kú kí n tó padà sílé.

Ọlọ́run ti ṣe é fún mi lẹ́yìn ìyẹn. Ó fún mi ní ọkọ, ó fún mi ní iṣẹ́, ó fún mi ní ilé tiwa ní àdúgbò Cityscape. Bùrọ̀dá ti lọ sinmi. Àwọn ọmọ Àǹtí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà ní Toronto àti Houston, iṣẹ́ kò jẹ́ kí wọ́n ráyè. Ọ̀dọ̀ mi ni Àǹtí wà. Ojú rẹ̀ ti fọ́. Èmi ni mo ń wẹ̀ ẹ́, èmi ni mo ń fún un lóúnjẹ. Bí àlejò bá wá, ó máa ń sọ fún wọn pé òun ló gbé mi lọ wo adágún nígbà tí ọmọ àwọn ẹlòmíràn kò tíì mọ Banff. Ọmọ-ọmọ mi a wá bi mí pé, "Grandma, was it pretty?" Màá ní gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ Olúwa ló dára.

Ní ọdún tó kọjá, ìjọ wa kó àwa àgbà lọ síbẹ̀. Ayé ti dayé ẹ̀rọ, orí fóònù ni wọ́n ti ń gba àyè kí ènìyàn tó lè dé ibẹ̀. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí kì í fẹ́ sọ̀kalẹ̀, wọ́n ní àwọn ti rí i lórí fóònù. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fi ọmọdé sílẹ̀ nínú ọkọ̀ lónìí, ọlọ́pàá á dé kó tó padà. Mo gba ọ̀nà kékeré yẹn láàárín igi. Mo rò pé yóò jìn. Kò jìn rárá. Kò tíì rẹ̀ mí tí mo fi dé etí omi. Ọmọdé tó bá sáré á dé ibẹ̀, á wò ó yó, á sì padà kí ọmọ tó ń sùn tó yíra.

Nígbà tí mo dé ilé, mo gbé oúnjẹ Àǹtí wá, mo jókòó tì í. Ó ní, "Ṣé o rí adágún wa? Ó ti pẹ́, mo ti gbàgbé. Irú àwọ̀ wo ló ní?"

Mo bu oúnjẹ sínú ṣíbí. Mo ní, "Dúdú ni, mà."

Ó yíjú sí mi. "Dúdú kẹ̀? Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló rí nígbà yẹn."

"Ayé ti yí padà, mà," ni mo wí. "Ẹ lanu."