Ẹyin Tó Dínà Mọ́ Oògùn

Onígbàjámọ̀ kan wà tí àwọn oníbàárà ń pè ní Ọwọ́ Jẹ́jẹ́, nítorí abẹ rẹ̀ a máa gba ọ̀fun èèyàn kọjá bí ìyẹ́ adìẹ. Ṣùgbọ́n ayé kì í jẹ́ kí ohun tó dára pẹ́. Nígbà tó dàgbà, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Dókítà ní ohun tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sí ọwọ́ ló ń gbẹ, ó sì fún un ní oògùn tí yóò di ohun náà nínú ọpọlọ.

Ìyàwó rẹ̀ ní oògùn líle kì í wọ inú òfìfo. Láràárọ̀, á se ẹyin, á po mílíìkì tó ki, á dúró ti ọkọ rẹ̀ títí oògùn á fi bá oúnjẹ wọlé. Bí ọwọ́ ṣe ń gbọ̀n sí i ni ẹyin ń pọ̀ sí i.

Lọ́jọ́ kan, abẹ gé etí oníbàárà. Ẹ̀jẹ̀ dé ọrùn aṣọ.

Àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jọ ni ṣọ́ọ̀bù fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé abẹ sílẹ̀ ná. Tí ọwọ́ yín bá bọ̀ sípò, àga yín ń dúró dè yín.”

Tọkọtaya gba ọsibítù lọ. Nọ́ọ̀sì bi wọ́n pé, “Kí ni baba fi ń lo oògùn yìí?”

“Ẹyin àti mílíìkì,” ni ìyàwó dáhùn tìyangàn-tìyangàn. “Mi ò fi oúnjẹ ọkọ mi ṣeré.”

Nọ́ọ̀sì mí kanlẹ̀. “Ìyá, tí ẹyin, mílíìkì tàbí ẹran bá dà nínú ikùn, wẹ́wẹ́ ló ń di. Wẹ́wẹ́ yẹn àti oògùn, ẹnu ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń bá wọ ọpọlọ. Èrò ti kún ẹnu ọ̀nà, oògùn ò ráyè kọjá. Ẹ jẹ́ kó máa lò ó ṣáájú oúnjẹ, kí ẹyin di ti alẹ́.”

Láti ọjọ́ kejì, oògùn ń ṣáájú oúnjẹ, ẹyin di ti alẹ́.

Kò pẹ́, ọwọ́ dúró. Ó wọ aṣọ funfun rẹ̀, ó di ṣọ́ọ̀bù. “Ta ló kàn?”

Oníbàárà kan ní òun ò kánjú. Èkejì rẹ́rìn-ín músẹ́: “Baba, etí méjì ni mo gbé wá, méjì náà ni mo fẹ́ gbé relé.” Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Ó kọjú sí àbúrò rẹ̀. “Ìwọ wá jókòó, jẹ́ kí n fá irùngbọ̀n rẹ.”

Àbúrò fọwọ́ pa àgbọ̀n tí irun rẹ̀ dúró ṣánṣán bí ẹ̀gún òòrẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fá a láàárọ̀ yìí ni.”

Ọwọ́ Jẹ́jẹ́ wò ó títí. Ó mú ìgbálẹ̀, ó ń gbá irun tí ẹlòmíì gé. Ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ̀n rárá.